Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Agbábọ́ọ̀lù Àlgéríà: Ọ̀nà tí Ẹ Là Ni Ọmọ Wa Gbà Wálé

Ẹ̀yin agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ orílẹ̀-èdè Àlgéríà,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìmúrasílẹ̀ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Ẹ ò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ yín dáadáa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o.

Ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2019 ni. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Òkè-Àdó la wà, a kún ibẹ̀ débi pé àwọn kan ń gba ojú fèrèsé wòran. Cairo ni wọ́n ti ń gbá a, ẹni tó bá sì borí ni yóò lọ gbá àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. William Troost-Ekong tiwa ló kọ́kọ́ ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ara wa. Odion Ighalo fi pẹnárítì dá a padà, ó di ọ̀mì. A ti gbà pé àfikún àkókò ló kàn. Ẹni tó jókòó tì mí tilẹ̀ ti ní kí wọ́n bá òun ra omi tútù wá, pé òru ṣì gùn. Ó wá di ìṣẹ́jú karùn-ún lẹ́yìn 90, rẹfirí fún yín ní fíríkíìkì, Riyad Mahrez dúró sídìí rẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹsẹ̀ òsì yẹn ló fi gbá a. Kí Daniel Akpeyi tó mira, bọ́ọ̀lù ti wọlé. Ẹni tó ni ilé ìwòran náà kò dúró kí rẹfirí fun fèrè, ńṣe ló lọ pa jẹnẹrétọ̀. Inú òkùnkùn la ti jáde, tí oníkálukú ń fẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò.

Ọdún kan gbáko ni mi ò fi fẹnu kan dàbínù, torí mo gbọ́ pé ilẹ̀ yín ni dàbínù ti dùn jù. Ìyàwó mi ló wá là mí lọ́yẹ pé èyí tí à ń rà ní Sábó, Òkè-Ọya níbí ló ti ń wá, àti pé ẹ̀yin tí mò ń bá jà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìjà wà nílẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2026 yìí, níbi Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Marrakech, ọkàn mi wá rọ̀. Victor Osimhen fi orí kan ọ̀kan, Akor Adams gbá ìkejì sí i, ayò méjì sí òdo, ẹ sì palẹ̀ ẹrù yín mọ́. Mo jó ní ọjọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Ẹni tí inú bá ń bí kò lè kọ lẹ́tà tó dáa, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìsinsìnyí ni mò ń kọ tèmi.

Ohun kan ló gbà mí lọ́kàn bí mo ṣe ń wo bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà. Ẹni tó ń ṣọ́lé fún yín, Luca ni, ọmọ Zinedine Zidane, ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù Faransé. Faransé ni wọ́n bí i sí, ó sì ti wọ aṣọ àwọn ọ̀dọ́ Faransé rí. Lọ́dọ̀ tiwa, Adémọ́lá Lookman wà níbẹ̀. Wandsworth ní Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n bí òun sí. Aṣọ àwọn ọ̀dọ́ Ẹ́ńgláǹdì lòun náà kọ́kọ́ wọ̀, kódà ó wà lára àwọn tó gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ọmọ 20 ọdún lọ fún wọn ní 2017. Ká ní òfin ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ ṣì wà, kò sí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá kan pápá yẹn nínú àwọn méjèèjì. Ta ló wá yí òfin náà padà? Ẹ̀yin ni. Ọpẹ́ ni mo wá dá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn ará wa tó ń ka ìwé yìí lẹ́yìn yín, torí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀. Nígbà kan, ọmọ tó bá ti fi ẹsẹ̀ kan bọ aṣọ àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè kan nínú ìdíje, ibẹ̀ ni yóò máa wà, bí wọ́n tilẹ̀ pa á tì. Ní 2004, FIFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù àgbáyé, ṣí ilẹ̀kùn náà díẹ̀, wọ́n ní ọmọdé tí kò tíì gbá fún ikọ̀ àgbà lè yí padà lẹ́ẹ̀kan, kó tó pé ọmọ ọdún 21. Ẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn wọlé, ọmọ yín ni, Antar Yahia, tí wọ́n bí sí Mulhouse ní Faransé. Antar Yahia yìí kan náà ló wá gbá góòlù kan ṣoṣo tí ẹ fi na Íjíbítì ní Omdurman ní oṣù Kọkànlá 2009, tí ẹ fi padà sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé lẹ́yìn ọdún 24.

Ọmọ ọdún 21 ṣì kéré. Ọmọ tó wà ní Faransé tàbí Ẹ́ńgláǹdì, ní 21 ni wọ́n ṣì ń fi ìlérí tàn án: "Ní sùúrù, a máa pè ọ́." Yóò ní sùúrù títí, nígbà tí ojú rẹ̀ bá máa là, ilẹ̀kùn ti tì. Ní oṣù Kẹfà 2009, níbi ìpàdé àgbáyé FIFA ní Nassau, ìlú kan ní Bahamas, àjọ bọ́ọ̀lù tiyín lábẹ́ Mohamed Raouraoua ló gbé ẹjọ́ náà dìde pé kí wọ́n yọ gbèdéke ọjọ́ orí yẹn kúrò. Wọ́n sì yọ ọ́. Lọ́dọ̀ yín àti ní Faransé, òfin Bahamas ni wọ́n ń pè é títí dòní. Kíá lẹ fi í mú Mourad Meghni àti Hassan Yebda wálé.

(Àwọn méjì yìí, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní 2001, àwọn méjèèjì wà nínú ikọ̀ ọ̀dọ́ Faransé tó lu àwọn ọmọ wa ní ayò mẹ́ta sí òdo nínú àṣekágbá ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọmọ 17 lọ, ní Trinidad. Àwọn ọmọ tó nà wá nínú aṣọ Faransé náà ló tún wá di tiyín. Kò síbi tí èèyàn lè sá sí tí kò ní bá yín pàdé.)

Ní 2022, ọmọ ọdún 24 ni Adémọ́lá nígbà tí FIFA fọwọ́ sí i pé kó máa gbá fún Nàìjíríà. Mẹ́rìnlélógún! Lábẹ́ òfin ti 2004, ó ti pẹ́ jù fún un. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó gbá mẹ́ta sí àwọ̀n Bayer Leverkusen ní Dublin, ní àṣekágbá Europa League, Atalanta gba ife, àwọn Jámánì tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà ní gbogbo sáà yẹn sì fọwọ́ lérán. Oṣù Kejìlá 2024 ni wọ́n fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù ní Áfíríkà. Ẹ gbọ́ orúkọ tó ń jẹ́: Adémọ́lá, adé tó mọ́ ọlá. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ní Wandsworth, òpópónà Lọ́ńdọ́nù kọ́ ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn FIFA. Ẹ̀yin lẹ bá wa mú kọ́kọ́rọ́ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara yín lẹ̀ ń rò nígbà tí ẹ ń rọ ọ́.

Mo wá ń bi ara mi pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yin? Orílẹ̀-èdè tó ní ọmọ lẹ́yìn odi pọ̀. Àwa náà ní, Senegal ní, Mòrókò ní rẹpẹtẹ. Nígbà tí mo wá ìtàn yín lọ síwájú sí i ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Bahamas rárá.

Ní 1958, ogun òmìnira yín pẹ̀lú Faransé ti wọ ọdún kẹrin. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ń bọ̀ ní Sweden ní oṣù Kẹfà, àwọn Faransé sì ti ń ka ọmọ yín méjì mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ kó lọ: Mustapha Zitouni, ọ̀gá àwọn adẹ̀yìnmú, tó ń gbá fún Monaco, àti Rachid Mekhloufi ti Saint-Étienne, ọmọkùnrin tí kò ju ọmọ ọdún 21 lọ. Sétif ni Mekhloufi ti wá. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn Faransé pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìlú náà ní oṣù Karùn-ún 1945. Ó wá dàgbà, ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, Faransé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní àkókò tí mò ń wí yìí, iṣẹ́ ológun tó pọn dandan fún ọ̀dọ́ ló ń ṣe lọ́wọ́ lábẹ́ àsíá Faransé. Bó bá sá, ológun tó sá ni, kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù lásán.

Ó sá. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ọjọ́ díẹ̀ kí Faransé tó bá Swítsàlandì gbá ní Paris, àwọn ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, léjì-léjì. Àwọn kan gba Swítsàlandì, àwọn kan gba Ítálì. Wọ́n mú Mohamed Maouche ti Reims lọ́nà. Àwọn tó kọ́kọ́ bọ́ tó mẹ́wàá, Tunis ni wọ́n forí lé, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ FLN tó ń jà fún òmìnira. Ilẹ̀ mọ́, àwọn oníwèé ìròyìn Faransé ń bi ara wọn pé níbo ni wọ́n wọlé sí. Faransé lọ sí Sweden láìsí wọn, wọ́n ṣe ipò kẹta. Mo máa ń rò ó pé kí ni Zitouni ń ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn. Ó ṣeé ṣe kó gbọ́ ọ lórí rédíò ní Tunis, ó sì ṣeé ṣe kó pa rédíò.

FIFA kò kà wọ́n kún. Wọ́n halẹ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè tó bá bá wọn gbá. Síbẹ̀ wọ́n gbá ju ọgọ́rin ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lọ láàárín ọdún mẹ́rin: Baghdad, Belgrade, Beijing, títí dé Hanoi. Orílẹ̀-èdè yín kò tíì sí lórí ìwé, ikọ̀ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti ń rìnrìn àjò kiri ayé. Níbi púpọ̀, aṣọ wọn àti orin tí wọ́n kọ kí wọ́n tó gbá ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn ibẹ̀ fi mọ̀ pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ Àlgéríà.

Nítorí náà, nígbà tí Ismaël Bennacer, tí wọ́n bí sí Arles, tó ti wọ aṣọ ọ̀dọ́ Faransé, gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tó dára jù ní Cairo ní 2019, tàbí nígbà tí Feghouli àti Brahimi fi ọwọ́ ara wọn bọ́ aṣọ Faransé, ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní tuntun, àwọn baba yín ti ṣe é rí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé lọ́jọ́ òní, fọ́ọ̀mù ni ẹ ń kọ, kì í ṣe òru lẹ fi ń sá.

Mo ní nǹkan mìíràn láti sọ nípa àwọn tó sá ní 1958 yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Abdelhamid Kermali, tó ń gbá fún Lyon. Ní 1990, òun ni kóòṣì yín níbi Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Algiers. Ẹ kọ́kọ́ fi márùn-ún sí ọ̀kan kí wa káàbọ̀. A tiraka títí a fi bá yín dé àṣekágbá, Chérif Oudjani gbá ọ̀kan ṣoṣo sí wa, ẹ gba ife àkọ́kọ́ yín. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 22 nígbà náà, mo sunkún bí ọmọdé. Ká ní mo mọ irú ẹni tó jókòó síbi àga kóòṣì yín lọ́jọ́ náà, ṣé ẹkún mi ì bá dín kù? Rárá o. Ṣùgbọ́n ǹ bá ti dìde kí i.

Kì í ṣe pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń nà wá. Ní 1980, ní Sùúrùlérè, níwájú èrò tí kò lóǹkà, mẹ́ta sí òdo la nà yín nínú àṣekágbá ife kan náà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Muda Lawal, ẹni tó ti ṣe mẹkáníìkì rí kí bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ di èèyàn ńlá, gbá ẹyọ kan. Shooting Stars ti Ìbàdàn níbí ni àwọn méjèèjì ti ń gbá, torí náà nígbà tí mo bá ní "a nà yín," èmi tí mò ń gbé Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń wí. Ọdún kan ààbọ̀ péré lẹ́yìn náà, ẹ wá sí Èkó yẹn kan náà, ẹ fi méjì sí òdo gbẹ̀san, ẹ sì gba ipò wa lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Spéìn. Ní 1993, ní Algiers, Finidi George gbá góòlù kan, ọ̀mì ni, a sì gba ibẹ̀ lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àkọ́kọ́ wa. Ilé yín la ti gba ìwé ìrìnnà. Ti 2017 tí a gbá ọ̀mì, tí FIFA tún sọ pé kí ẹ gba mẹ́ta sí òdo torí pé a lo ẹni tí kò yẹ ká lò, ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ẹjọ́ wa ni, akọ̀wé wa ni kò ka ìwé.

Mo dárúkọ Spéìn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà 1982, ní Gijón, àwọn Jámánì ti ìwọ̀-oòrùn ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Rabah Madjer gbá ọ̀kan. Rummenigge dá a padà. Ìṣẹ́jú kan kò tíì kọjá dáadáa, Lakhdar Belloumi ti gbá ìkejì. Méjì sí ọ̀kan! Mekhloufi kan náà, ẹni ọdún 1958, wà lára àwọn tó ń darí yín. Rédíò la fi gbọ́ ọ ní ilé wa. Bàbá mi, tí inú ń bí sí yín nítorí ọ̀rọ̀ Èkó ti 1981, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Áústríà nà yín lẹ́yìn náà, ẹ̀yin náà na Chile ní mẹ́ta sí méjì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn ṣẹ́kù, Jámánì pẹ̀lú Áústríà, ọjọ́ kejì tí tiyín parí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé wọ́n ti mọ iye tí yóò gba àwọn méjèèjì là. Hrubesch gbá ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kẹwàá. Láti ibẹ̀ lọ, ńṣe ni wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra wọn bí ẹni ń ṣe eré ìdárayá lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn ará Spéìn tó ń wòran ń pariwo orúkọ yín, àwọn ọmọ Àlgéríà tó wà níbẹ̀ ń na owó bébà síta láti fi hàn pé wọ́n ti ta bọ́ọ̀lù náà. Ẹ lọ sílé. Ẹ na méjì nínú mẹ́ta, ẹ sì lọ sílé.

Ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Láti ìgbà yẹn ni FIFA ti pàṣẹ pé aago kan náà ni kí wọ́n máa gbá àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ìsọ̀rí. Gbogbo ayé ló ń jẹ nínú rẹ̀. Ọmọdé ilé wa rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ẹ wò ó, òfin méjì nínú bọ́ọ̀lù àgbáyé, ìyà tí wọ́n fi jẹ yín ló bí ọ̀kan, ọmọ yín tó wà lẹ́yìn odi ló bí ìkejì.

Riyad, àbúrò mi, ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbí. Mo jù ọ́ lọ dáadáa, jẹ́ kí n máa pè ọ́ ní "o." Sarcelles ní Faransé ni wọ́n bí ọ sí. Ọmọ ọdún 15 ni ọ́ nígbà tí bàbá rẹ kú. O tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé àwọn kan ní o ò lè gbá bọ́ọ̀lù. Ní oṣù Kìíní 2017, nígbà tí wọ́n fi ọ́ ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, Abuja lo ti gba àmì ẹ̀yẹ náà, ní ilẹ̀ wa. A pàtẹ́wọ́ fún ọ. Ọdún méjì ààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lo fi ẹsẹ̀ òsì san oore náà fún wa. Kò burú. Mo ti dárí jì ọ́ láti oṣù Kìíní ọdún yìí.

Ọ̀rọ̀ mi ni pé mo rí ohun tí wọ́n ń sọ sí yín nígbà tí nǹkan kò bá dáa. Lẹ́yìn Cairo, ẹ di ọba. Láti ìparí 2018, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 35 lẹ gbá láìsí ẹni tó nà yín. Nígbà tó di 2022 ní Douala, tí Equatorial Guinea gé okùn náà, tí ẹ sì kó àmì ẹyọ kan ṣoṣo relé, ariwo sọ. Oṣù Kẹta ọdún náà, Kamẹrúùnù gbá góòlù sí yín ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn pátápátá, Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé bọ́. Ní 2024, Mauritania nà yín ní Bouaké. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń pariwo orúkọ yín lánàá yóò sọ pé ọmọ Faransé ni yín, pé ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ náà kò sí lára yín, pé ìsinmi lẹ wá lò. Bí ẹ bá borí, ọmọ ilé. Bí ẹ bá fìdí rẹmi, àlejò.

Mo mọ̀ ọ́n torí àwa náà ń ṣe é. Bí Alex Iwobi bá gbá bọ́ọ̀lù tí kò dé ibi tó yẹ, wọ́n á ní àwọn ọmọ Lọ́ńdọ́nù kò mọ ìyà. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, ní ilé ìwòran kan náà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu mi kò mọ́.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló ti ẹnu náà pa. Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún 16 ni, ó ń gbá bọ́ọ̀lù níléèwé, kò sì dájú pé yóò jẹ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá. Yorùbá tó ń sọ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "mi ò jẹ ẹ̀fọ́" lọ. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mọ́mì, tí mo bá gbá fún Ẹ́ńgláǹdì, ṣé ẹ máa bínú?" Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi mí, èmi ni mo ń tú u. Mo fẹ́ dáhùn kíá, ẹnu mi kò ṣí. Mo rántí bí àwọn kan nínú wa ṣe bú Bùkáyọ̀ Saka nígbà tó mú Ẹ́ńgláǹdì. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ní ó bù kún ayọ̀, wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù dá a lẹ́jọ́ bí ẹni tó ta ilẹ̀ baba rẹ̀. Nígbà tó gbá pẹnárítì nù fún Ẹ́ńgláǹdì ní 2021, tí àwọn òyìnbó kan ń bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀, àwọn kan níbí ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí láti rántí.

Ẹ̀yin mọ irú rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2001, Faransé àti Àlgéríà pàdé ní Stade de France, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Faransé súfèé bú orin orílẹ̀-èdè Faransé, wọ́n ya wọ inú pápá, bọ́ọ̀lù kò parí. Zidane, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Kabylie wá, wà nínú aṣọ Faransé. Djamel Belmadi, tí wọ́n bí sí ẹ̀bá Paris, wà nínú aṣọ yín, òun ló tilẹ̀ gbá góòlù kan ṣoṣo tí ẹ rí lọ́jọ́ náà. Ọdún 18 lẹ́yìn rẹ̀, Belmadi gba ife fún yín gẹ́gẹ́ bí kóòṣì. Ọdún 24 lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ Zidane wá ń ṣọ́lé yín. Ìdílé kan náà, aṣọ méjì. Bí ẹ bá ti bú bàbá jù, ṣé ọmọ ì bá wá?

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ. Ẹ̀yin tí ẹ rin ọ̀nà náà, ẹ máa bá àwọn tó ń rin ọ̀nà míì sọ̀rọ̀ rere ní gbangba. Ẹ jẹ́ kí àwọn olólùfẹ́ yín gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ọmọ Àlgéríà tó gbá fún Faransé kò di ọ̀tá, àti pé Baghdad Bounedjah tó ti Oran wá, tó gbá góòlù tó gba ife ní 2019, kò fi ẹ̀jẹ̀ ju ọmọ Sarcelles lọ. Bí ó bá ti ẹnu tiyín jáde, yóò dé etí tiwa. Àwọn ọ̀dọ́ wa kò gbọ́ tèmi, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ ti Mahrez.

Èsì tí mo fún ọmọ yẹn, ẹ ò ní bi mí ni? Mo ní kó lọ jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀ ná.

A ò lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún yìí. Congo Kinshasa fi pẹnárítì lé wa dànù ní Rabat ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, mi ò sì fẹ́ sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Nítorí náà, yín ni mo máa wò. Mo ti wo ìsọ̀rí tí wọ́n kó yín sí: Ajẹntínà, Jọ́dánì àti Áústríà. Áústríà o! Ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà lẹ ó bá Ajẹntínà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ na Jámánì ní Gijón gan-an. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn ni ti Áústríà, ní Kansas City, ọjọ́ 27.

Àárín òru ni yóò jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Mo ti bá ẹni tó ni ilé ìwòran Òkè-Àdó sọ̀rọ̀. Tẹlifíṣọ̀n méjì ló ní. Mo ní kó tan méjèèjì, kó gbé wọn ka ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí tiyín wà nínú ọ̀kan, kí Ajẹntínà àti Jọ́dánì wà nínú ìkejì, ní aago kan náà. Ó bi mí pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Mo ní kó ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kó kún, màá ṣàlàyé fún un bó bá di ọjọ́ náà.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó tún ti ń jẹ dàbínù, Ìbàdàn